Páìpù Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà

Òórùn kẹrosíìnì nínú ẹ̀kọ gbígbóná ni mo fi mọ agbo ilé yẹn ní Ìlobù. Kí n tó mọ ẹni tó bí ẹni, ìyàwó ilé kan tó ń ta ẹ̀kọ bu ife kan fún mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n tọ́ ọ wò. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ètè mi ti sán, ẹ̀kọ náà sì ń gbóná fẹlifẹli lọ́wọ́ mi. Mo gbé e dé ẹnu, imú mi ní rárá. Kì í ṣe òórùn tó le o. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí ìgbà tí ènìyàn bu epo sí àtùpà tán, tó fi ọwọ́ kan náà kan oúnjẹ. Mo rọra gbé ife sílẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé o, Ìyàwó, mo ti jẹun." Ó gba ife rẹ̀, ó ní, "Bí gbogbo wọn ṣe ń wí nìyẹn, Àǹtí. Gbogbo Ìlobù ló ti jẹun."

Ọ̀rẹ́ mi, o máa ń fi mí rẹ́rìn-ín pé n kì í gba èsì tó dára gbọ́. Jókòó, jẹ́ kí n sọ ibi tí àìsàn yìí ti mú mi. Ní àárín àwọn ọdún 1990 yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tó ń yẹ omi wò ní Òṣogbo. Ara mi yá gágá, mo rò pé omi ni mo máa bá fa wàhálà. N kò mọ̀ pé èèyàn ni.

Ẹjọ́ kan ló dé ọ́fíìsì wa. Ilé epo kan wà lápá òkè agbo ilé náà, tó ri táǹkì kẹrosíìnì mọ́lẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní kànga agbo ilé náà ń rùn. Onílé epo ní irọ́ ni, táǹkì òun le koko. Ó ní kànga tó la ẹnu sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ta ló mọ ẹni tó fi kẹ́ẹ̀gì epo fa omi níbẹ̀? Inú ń bí wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ni a bá gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀yìnkùlé wọn, láàrin ilé epo àti kànga. A ri páìpù funfun sí i, a fi sìmẹ́ǹtì dí ọrùn rẹ̀ yípo, a fi ìdérí àti àgádágodo tì í. Kì í ṣe ti mímu o. Ojú tí a fi ń wo abẹ́ ilẹ̀ ni. Bí omi inú rẹ̀ bá ní kẹrosíìnì, kò sí ẹni tó lè sọ pé korobá ẹnì kan ló gbé e débẹ̀. Onílé epo á hú táǹkì rẹ̀ nìyẹn. A gbẹ́ irú rẹ̀ kan sí Ìfọ́n, ìlú tó bá Ìlobù pààlà, níbi tí kò sí ilé epo nítòsí, kí a lè rí omi tó dá ṣáká tí a ó fi wé e.

Ìyàwó tó bu ẹ̀kọ fún mi yìí, ọmọ Ìfọ́n ni, ó lọ́kọ sí Ìlobù. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, wà lára àwọn tí wọ́n lé bọ̀ láti Gánà lọ́dún 1969. Ìwọ̀nba ohun tí ọkọ wọn kó dé kò tó kọ́lé, ni Baba bá fi gbẹ́ kànga. Nígbà náà, odindi àdúgbò ló ń wá pọnmi níbẹ̀, tí wọ́n ń kí Baba pé omi ò ní gbẹ nílé rẹ̀ o. Baba ti kú, kànga ló kù. Bí Ìyá Àgbà bá ń sọ̀rọ̀ kànga yẹn, wàá rò pé ọkọ wọn gan-an ló wà ní ìjókòó lẹ́yìnkùlé. Omi òjò inú táǹkì sìmẹ́ǹtì, tí Baba kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n ní Gánà, ni Ìyá Àgbà fúnra wọn ń mu, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Áṣáà sì ti pa imú wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀kọ tí Ìyàwó fi omi kànga pò ń rùn, ta ni wọ́n dá lẹ́bi? "Ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ́. Kì í fọwọ́ tó bá ti kan sítóòfù."

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í ru omi láti ilé baba rẹ̀ ní Ìfọ́n, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pá. Ẹ̀kọ tó fi omi náà pò kò rùn. O rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀? Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́: "Ṣé ẹ rí i? Omi ilé baba rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n fi ọwọ́ mímọ́ pò!" Mo gbọ́ èyí, mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ jórinjórin ní Òṣogbo, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí ìyàwó òun lọ sinmi díẹ̀ nílé baba rẹ̀. Ìwọ náà mọ ohun tí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Ẹnu Ìyàwó ni mo ti gbọ́ ọ, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú: "Àǹtí, bí páìpù yín ò bá sọ òótọ́, ẹrù mi ni màá dì."

Iṣẹ́ náà kò le lójú ẹni tí kò ṣe é rí. Omi tó ti dúró pẹ́ nínú páìpù, omi tó ti sùn ni. Ìwádìí kò gbà á. O gbọ́dọ̀ fà á dànù tán, kí omi tuntun sun wọlé láti inú ilẹ̀, kí o tó bu sí ìgò. Ti Ìfọ́n a máa tètè sun. Amọ̀ ló yí ti Ìlobù ká, bí ìgbín ló ṣe ń sun. Nítorí náà, ọ̀sán ni mo máa ń fi ìfami wa, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò tí a so okùn mọ́, fà á gbẹ. Màá ti àgádágodo, màá padà sí Òṣogbo, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni màá tó wá bu omi tuntun.

Kí n tó fa ohunkóhun, dandan ni kí n kí gbogbo agbo ilé. Mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà, mo kúnlẹ̀ fún àbúrò Baba, mo kúnlẹ̀ fún ìyá kan tó kàn wá tọrọ iná. "Ẹ kú ọyẹ́ mà. Ẹ kú ìrọ́jú mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà." Yìnyín inú kúlà mi ń yọ́, eékún mi ti funfun fún eruku, wọn kò sì ní jẹ́ kí n dìde láìbéèrè bàbá mi, ìyá mi, àti ìgbà tí èmi náà máa lọ́kọ. Bí mo bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi dànù, ariwo á ta. "Ọmọ yìí ń da omi nù nínú ẹ̀ẹ̀rùn!" Wọ́n á gbé abọ́ wá, wọ́n á gbé ọpọ́n wá. Mo ń pariwo pé ẹ má mu ún o, ẹ má fi wẹ ọmọ o. Àbúrò Baba dá mi lóhùn pé, "Ta ló fẹ́ mu ún? Ewúrẹ́ la fẹ́ fún." Ewúrẹ́ na imú sí i, ó yí ìdí padà. Ewúrẹ́ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ wá ńkọ́? Ọjọ́ tí a ri páìpù náà ni Ìyá Àgbà ti dúró ti ọ̀gá mi lọ́rùn. Wọ́n ní láyé àwọn, àwọn kò rí i kí àlejò fi àgádágodo ti nǹkan mọ́ onílé nínú ilé ọkọ rẹ̀. Ọ̀gá mi, ọmọlúàbí ọkùnrin, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú yẹ̀pẹ̀, ó ní kí Mọ́mì má bínú, ó sì fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ kan, fún ọ̀wọ̀. Wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀?" Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí náà! Kí ni ìyá arúgbó fẹ́ fi páìpù ṣe?" Bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn títí dòní, ara mi á tún gbóná.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé ìgò dé láàbù, èsì ní omi Ìlobù mọ́ ju ti Ìfọ́n lọ. Mọ́ báwo? Mítà tó ń wọn iyọ̀ àti èròjà inú omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Omi inú ilẹ̀ tí kò gbé adùn ilẹ̀ kankan wá! Ọ̀gá mi ní mítà ló bàjẹ́. A yá mítà mìíràn. Ìgbà kejì, bákan náà ni. Lọ́sàn-án tí mò ń fà á dànù, kẹrosíìnì ń gún mi nímú. Lówùúrọ̀ tí mo bá bu tuntun, kò rùn, ó tutù minimini, ó mọ́ gaara. Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní imú kì í ṣe ẹ̀rí, ìgò ni ẹ̀rí. Ó wá wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Àbí omi ẹ̀rọ ilé rẹ lo ń bu wá, kó o má baà jí lọ sí Ìlobù?" Háà! Èmi tí ọyẹ́ ń là létè lórí ọ̀kadà ní gbogbo ìdájí! Mo lọ sẹ́yìn ọ́fíìsì, mo sunkún ìbínú. Nígbà tí mo padà wọlé, ọ̀gá mi ní ìgbà kan péré ló kù. Bí èsì bá tún mọ́, onílé epo jàre, ẹjọ́ parí.

Ìròyìn ti ṣáájú mi dé Ìlobù. Onílé epo ń kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín láti òkèèrè. Ìyá Àgbà ń yọ̀ ṣìnkìn: "Mo wí fún yín! Omi Baba kò lábùkù! Ti Ìfọ́n ńkọ́?" Mo ní ti Ìfọ́n náà dára. "Ṣùgbọ́n tiwa ló gbégbá orókè?" Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ìdánwò ilé ìwé kọ́ nìyí. Bí mo bá sì dé Ìfọ́n, irú ìbéèrè yẹn ló ń dúró dè mí: "Ti Ìlobù ńkọ́?" Àfi bí ẹni pé omi abẹ́ ilẹ̀ mọ ibi tí ìlú kan parí sí. Ìyàwó ní tirẹ̀ kò béèrè nǹkan kan. Mo gba ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ kọjá, mo rí i tó ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀ sínú àpò.

Nígbà ìkẹyìn yẹn, mo fa páìpù náà gbẹ lọ́sàn-án títí ìfami fi ń ha ìdí rẹ̀. Mo délé, oorun kò kùn mí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí mo ti wà lórí ọ̀kadà. Bí mo ṣe ń wọ Ìlobù, àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú jáde ní mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun àárọ̀. N kò kí ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run dárí jì mí, ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà lọ tààrà.

Ìyá Àgbà ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ páìpù mi, ìdérí ti ṣí, àgádágodo wà nílẹ̀, búútà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnu búútà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bá ẹnu páìpù mu rẹ́gí. Wọ́n ń da omi òjò tí kò ní iyọ̀ ilẹ̀ kankan nínú sí i jẹ́jẹ́, ẹ̀kán kan kò ta sílẹ̀. "Bísímílà." Búútà gbẹ, wọ́n bu òmíràn nínú korobá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Bísímílà."

Mo kígbe, "Ìyá Àgbà!" Àyà wọn kò tilẹ̀ já. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. "Ọmọ mi, o ti dé? Má wulẹ̀ kánjú, kò tíì kún."

Mo jókòó sórí kúlà. Mo ní, "Ẹ̀yin ni? Láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀yin ni?"

"Ta ni ìbá tún jẹ́? O fà á gbẹ, o fi í sílẹ̀ lófìfo, o lọ. Ṣé kí o ti Òṣogbo wá, kí o bá páìpù gbígbẹ nílé ọkọ mi? Kí wọ́n ní ti Ìfọ́n kún, ti Baba gbẹ? Ẹni bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù." Wọ́n na ọwọ́ sí mi. "Gbé ìgò rẹ wá, kí n bá ọ bu ú, kí ọwọ́ rẹ má baà tutù."

Ta ni mo fẹ́ bínú sí? Mo yíjú, mo rí Ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di orógùn mú. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, mo rí i pé ohun tí mo rí yìí kò jẹ́ tuntun lójú tirẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni orí mi gbóná. Mo fà á sí kọ̀rọ̀.

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"Gbogbo ilé mọ̀?"

"Gbogbo ilé."

"Ilé ọkọ yín ló fẹ́ bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ yìí, ẹ sì ń wò mí, tí mò ń ru omi òjò lọ sí Òṣogbo bí ọ̀dẹ̀!"

Ó wo ilẹ̀. "Ìyá ọkọ mi ni wọ́n. Ta ló máa wí fún wọn pé kànga Baba ti bàjẹ́? Ṣé èmi, ọmọ Ìfọ́n? Mo rò pé ìgò yín á rí i, á sì wí i."

Ẹ gbà mí o! Gbogbo agbo ilé ló ní imú. Gbogbo wọn ló ń gbọ́ òórùn náà, tí wọ́n ń sọ pé àwọn ti jẹun. Àbúrò Baba tó ń fún ewúrẹ́ lómi mọ̀. Wọ́n ń dúró de ìgò mi kí ó bá wọn sọ ohun tó wúwo jù fún ẹnu wọn, wọ́n sì tún ń wo ẹni tó ń di ìgò náà lẹ́nu ní gbogbo ìdájí. Mo bú wọn nínú mi, láti orí àgbà dé orí ọmọdé.

Mo padà sẹ́yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀, kí lèmi ó ṣe? Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní òní nìkan. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ó sì sun fúnra rẹ̀." Wọ́n ní, "Bí kò bá sun ńkọ́?" Mo ní yóò sun. Mo fa gbogbo omi òjò yẹn dànù, mo sì jókòó tì í láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí, èmi lórí kúlà, àwọn lórí àpótí, à ń ṣọ́ ara wa. Wọ́n sọ̀rọ̀ Gánà fún mi. Wọ́n ní nígbà tí kànga náà kọ́kọ́ sun, Baba wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó fi igbá bu omi náà, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ún ṣáájú ìyàwó òun. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo wá mọ ohun tí mo ti ń bá jìjàkadì láti ọjọ́ yìí.

Nígbà tí omi sun, tí mo bu ìwọ̀n tí iṣẹ́ ń fẹ́ sí ìgò, mo da ìyókù sínú abọ́ funfun kan. Imú wọn ti kú, ojú wọn ń ríran. Mo gbé abọ́ náà sójú oòrùn. Ọ̀rá epo tẹ́ lórí omi, ó ń dán, ó ń rìn, àwọ̀ òṣùmàrè. Ìyá Àgbà fi ìka kàn án, wọ́n fi ìka méjì ra á.

"Epo rèé."

"Epo ni mà."

"Láti inú ilẹ̀?"

"Láti inú ilẹ̀. Ọwọ́ ìyàwó yín kò dé inú páìpù yìí rí, mà. Ẹ̀yin lẹ ní kọ́kọ́rọ́."

Wọ́n wo ọ̀nà ibi tí kànga wà, ẹnu wọn ń mì, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n bá Baba sọ. Wọ́n wá tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, wọ́n pè, "Ìyàwó mi!" Ìyàwó sáré wá, ó kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Omi ibo lo fi po ẹ̀kọ òní?" Ó ní ti Ìfọ́n ni mà. "Gbé e tẹ̀lé mi." Wọ́n gbé àpótí lọ sẹ́nu ọ̀nà, lójú títì, níbi tí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ ti lè rí wọn, wọ́n mu ife ẹ̀kọ kan tán, wọ́n ní kí wọ́n bu òmíràn. Ẹni tó bá kí wọn, wọ́n á gbé ife sókè: "Ẹ wá mu ẹ̀kọ ìyàwó mi o! Omi wa ló ń rùn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́." Àgbàlagbà bí tiwọn, ní gbangba. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìgò mi, mo tún sunkún. Nígbà tí wọ́n mu ún tán, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ náà lé Ìyàwó lọ́wọ́, wọ́n ní kó so ó mọ́ ìró rẹ̀.

Ìgò yẹn ló hú táǹkì. Ó pẹ́ o, onílé epo ya wèrè mọ́ wa lọ́wọ́ kó tó gbà, ṣùgbọ́n wọ́n hú u, ìdí rẹ̀ ti jẹra. Wọ́n fi pákó bo kànga Baba, Ìyá Àgbà fúnra wọn ló gbé òkúta lé e. Ìgbà tí mo tún lọ, mo fa páìpù náà gbẹ lọ́sàn-án, mo padà dé lówùúrọ̀, Ìyàwó ló jókòó tì í, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà wà lókèèrè, búútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo wò ó. Wọ́n ní, "Kí lò ń wò? Àlùwàlá ni mo fẹ́ ṣe!" Ìyàwó ṣí ìdérí, òórùn kẹrosíìnì gún mi nímú. Èmi àti ẹ̀ wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín.

Rẹ́rìn-ín tìrẹ lọ, ọ̀rẹ́ mi. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé èsì tó mọ́ jù wá síwájú mi, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pàtẹ́wọ́, n kì í béèrè ẹni tó fẹ́ tàn wá jẹ. Mo máa ń béèrè ẹni tó fẹ́ràn kànga náà, àti ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà.